Orúkọ Tí Mo Fi Gbá Bọ́ọ̀lù

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Àkúrẹ́, orúkọ tí wọ́n sì ń pè mí ní gbogbo ọdún yẹn kì í ṣe orúkọ mi. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Mo ti lò ó tó, mo ti lò ó jù. Ẹni tó bá máa ń wá sí pápá ìṣeré Àkúrẹ́ nígbà náà lè rántí ọmọbìnrin dúdú kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní apá òsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ fún réfàrí. Èmi ni. Orúkọ tí ẹ rántí yẹn, àbúrò mi ló ni ín, àbúrò mi sì ti kú kí n tó mọ̀ pé obìnrin lè gbá bọ́ọ̀lù jẹun.

Ọmọ Oǹdó ni wá. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni màmá mi. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí, mo sì fi ọdún mẹ́ta ju àbúrò mi lọ. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rin, èéyi mú un, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹta màmá mi sáré wá sílé láti mú aṣọ ìpààrọ̀, kó tó padà dé ọ̀hún, ọmọ ti lọ. Wọn kò jẹ́ kó wọlé. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn obìnrin ìjọ mẹ́ta mú un padà wá sílé, wọ́n dì í mú nínú yàrá, àwọn ọkùnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì sì lọ gba òkú, wọ́n sin ín síbi tí àwọn nìkan mọ̀. Màmá mi kò bi wọ́n, wọn kò sì sọ fún un. Láti ọjọ́ náà kò pe orúkọ yẹn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, "ẹni yẹn" la máa ń wí. Kódà bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń jẹ́ orúkọ náà ní kíláàsì rẹ̀, orúkọ bàbá ọmọ ọ̀hún ni yóò fi máa pè é.

Èmi ní tèmi, bọ́ọ̀lù ni mo mọ̀. Màmá mi kórìíra rẹ̀. Ó ní ọmọ obìnrin tó ń fi àyà gba bọ́ọ̀lù, kí ló fẹ́ fi fún ọmọ lọ́mú lọ́la? Nítorí náà, nígbà tí mo parí girama, mo purọ́ fún un pé mo fẹ́ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Arakale, ní Àkúrẹ́. Mo lọ lóòótọ́ o, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Títí di òní, bí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́ lójú mi, mo máa ń gbá a létí ni.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tuntun ni nígbà náà. Èkìtì ti gba tirẹ̀ lọ, púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá sì ti tẹ̀lé ìpínlẹ̀ wọn. Kóòṣì tó ń tọ́jú ẹgbẹ́ obìnrin ní Àkúrẹ́ ń wá ọmọ tuntun lójú méjèèjì. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni, ọkùnrin kúkúrú tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó wò mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí pápá, ó pè mí.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mọ́kàndínlógún, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "N kò bi ọ́ ní ti màmá rẹ. Ti bọ́ọ̀lù ni mò ń bi ọ́."

Gbogbo wa la ní ọjọ́ orí méjì, ti màmá àti ti bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún méjìlélógún wà láàárín wa tó ti jẹ́ mẹ́rìndínlógún fún ọdún mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò kà á sí irọ́; ohun tí a kà á sí ni bàtà bọ́ọ̀lù, ohun tí èèyàn ń wọ̀ kó tó lè wọ pápá. Ìwé ìbúra kóòtù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́dún tèmi, àwọn tó ń ṣètò ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ti fárígá. Wọ́n ní àwọn kò gba ìwé kóòtù mọ́, nítorí ẹgbẹ́ kan ti gbé ìyá ọlọ́mọ méjì wá pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìwé ìbí tí ilé ìwòsàn kọ ni wọ́n fẹ́ rí.

Kóòṣì ní, "Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Bí ùwé bá wà, o wọlé. Bí kò bá sí, máa lọ ulé rẹ."

Kò sọ pé kí n lọ jí ìwé òkú. Èmi ni mo rò ó. Kò gbà mí ní àkókò tí èèyàn fi ń wọ bàtà tán: àbúrò mi ì bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì mọ ibi tí ìwé ìbí rẹ̀ wà.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó ní ọjọ́rú, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú ni màmá mi ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó sin mí dé ìdí ọbẹ̀ kó tó jáde, ó ní kí n jẹun dáadáa, kọ̀ǹpútà ti jẹ́ kí n rù. Mo jẹun. Mo fọ àwo. Lẹ́yìn náà ni mo fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé tèmi wà nínú fáìlì lókè pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé. Ti àbúrò mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn ìró, nínú àpòòwé kan pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn. Mo mú ìwé ìbí, mo fi káàdì sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kí ni òkú fẹ́ fi ìwé ṣe. Ohun tó ń dójú tì mí jù lónìí ni pé ọbẹ̀ ìyá mi ṣì wà lọ́fun mi, ọwọ́ mi sì dúró gbọn-in nínú àpótí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ lórí pápá, wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, n kò dáhùn. Kóòṣì béèrè bóyá etí mi di ni. Láàárín oṣù méjì, bí wọ́n bá pe orúkọ náà láti òpin pápá, mo ti yíjú. Nígbà tó yá, ará Oǹdó kan rí mi ní Arakale, ó ń pe orúkọ tèmi gan-an lẹ́yìn mi, mo sì ń lọ ní tèmi títí ó fi wá gbá mi léjìká.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọdún kan. Ní ọjọ́ Sátidé kan a gbá bọ́ọ̀lù nílé, mo sì jẹ góòlù méjì. Rédíò ń gbé ìdíje náà sáfẹ́fẹ́ ní èdè Yorùbá. N kò mọ̀. Bí mo bá mọ̀ náà, n kò rò pé mà á ti sá fún góòlù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oǹdó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni màmá mi sọ ọ́ fún mi, lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ó ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ náà. Ó gbọ́ orúkọ bàbá wa tẹ̀lé e. Ó gbọ́ pé ọmọ bíbí Oǹdó ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó fi bírò sílẹ̀, ó ka ọdún lórí ìka ọwọ́, ó pé rẹ́gí. Ó wá fa àpótí rẹ̀ jáde. Ìwé ìbí kò sí níbẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ronú olè. Màmá mi kò ronú olè. Ó ní ohun tó wọ òun lọ́kàn ni pé ọmọ náà kò kú. Pé nọ́ọ̀sì ṣe àṣìṣe, tàbí wọ́n jí i gbé fún ẹni tí kò rọ́mọ bí, tí àwọn tó tọ́ ọ sì wá mú ìwé rẹ̀ lọ́nà kan ṣá. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò rí òkú, tí kò rí sàréè, kí ni yóò fi mọ̀? Àwọn ọkùnrin méjì ló ní àwọn sin ín, àwọn méjèèjì sì ti kú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. Ó ní láti Oǹdó dé Ọ̀wẹ̀nà òun kò lè jókòó dáadáa, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun rò pé inú ń run òun ni. Ó lọ sí pápá ìṣeré, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì sọ fún un pé Ọ̀bà-Ilé ni àwọn ọmọbìnrin náà ń gbé.

A kì í ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ Àìkú. Aṣọ la máa ń fọ̀. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ni wá nínú yàrá mẹ́rin, kànga wà lẹ́yìnkùlé. Mo ń fọ ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí gókípà wa, ọmọ Oda kan tí ohùn rẹ̀ tó agogo ṣọ́ọ̀ṣì, pe orúkọ náà láti ẹnu géètì, ó ní, "Màmá kan ń bèèrè ẹ o! Jáde, abeg, ó ti ń sunkún!"

Mo nu ọṣẹ ọwọ́ mi sára ṣòkòtò péńpé, mo jáde. Màmá mi ló dúró síbẹ̀, pẹ̀lú gèlè, pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́. Mo ti ń wá irọ́ tí mà á pa nípa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kò bínú bó ṣe rí mi. Ó di ọwọ́ mi mú, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Yorùbá ìwé ni màmá mi máa ń bá wa sọ, olùkọ́ ni. Bí nǹkan bá dé ojú ẹ̀ nìkan ni Oǹdó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ náà ti gbọ́! Ta ló sọ fún ọ? O ti rí i? Ọma mi dà?"

Ó ń wo ẹ̀yìn mi. Ó ń wo ojú ilẹ̀kùn tí mo gbà jáde.

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Àbí ẹ̀rù ń bà á ni? Sọ fún un pé èmi ni."

"Màmá, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Àbúrò rẹ ni mò ń bèèrè."

N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ni mo ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́, n kò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni mo mú ìwé nínú àpótí, nítorí bọ́ọ̀lù. Ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ sí i, bí ẹni pé kò tíì yé e, ó ṣì ń wo ilẹ̀kùn. Ní àkókò yẹn gan-an ni gókípà tún yọrí lójú fèrèsé, ó pe orúkọ náà, ó ní kóòṣì ń pè mí.

Mo ní, "Mò ń bọ̀!"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Màmá mi jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Ó wò mí wàyí, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wo àjèjì tó wọ aṣọ ẹni tó mọ̀. Ó ní, "O dáhùn." Kò pariwo, kò gbé mi ṣépè. Ì bá kúkú pariwo. Ó yí padà, ó ń rìn lọ sí ọ̀nà, mo ń tẹ̀lé e, mò ń bẹ̀ ẹ́, títí ó fi dá ọkọ̀ kan dúró, tó wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó gbàgbé àpò ọ̀rá náà ní ìdí géètì. Móínmóín eléwé méje ló wà nínú rẹ̀, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú sálúbàtà tuntun kan tó rà ní ibùdókọ̀. Mo ronú bó ṣe máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: báwo ni ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe máa ń tóbi tó? Móínmóín ni àbúrò mi máa ń sunkún béèrè. Àwọn ọmọ ilé yí àpò náà ká, wọ́n ń yin ọwọ́ màmá mi. Èmi náà jẹ méjì. Ebi kò pa mí. Ojú ló ń tì mí, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ẹnu mi ṣe.

Ẹni tó lójútì ì bá lọ sọ òtítọ́ ní ọjọ́ Ajé. Èmi, a ní bọ́ọ̀lù lọ́jọ́rú. Mo sọ pé nítorí ẹgbẹ́ ni, pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á gba gbogbo àmì ayò wa, wọ́n á lé kóòṣì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju bí ojú ṣe ń tì mí lọ. Wọ́n pè mí sí ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n dá mi padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wọ líìgì. Orúkọ náà bá mi lọ sí gbogbo ibi tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ ń gbé wa lọ, wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn jẹ́sì. Mo dá ìwé ìbí padà fún màmá mi ní Kérésìmesì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tò ó padà sísàlẹ̀ àpótí, ó sì bu oúnjẹ fún mi. Ó ń dáhùn bí mo bá kí i. Ó ń bi mí bóyá ara mi le. Ṣùgbọ́n kò pe orúkọ mi mọ́. "Ìwọ yìí" ni mo di. Ìgbà kan tẹ́lẹ̀, orúkọ ọmọ kan ni kò lè pè. Mo ti sọ ọ́ di méjì.

Ó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà kí gókípà, tó ti di ọ̀rẹ́ mi, tó sọ fún mi pé, "Màmá ẹ yẹn, tó máa ń wá, ṣé kì í dúró jẹun ni?"

Mo ní màmá mi kì í wá.

Ó ní, "Ah-ah! Gbogbo ìgbà tí a bá gbá nílé ni o. Apá ibi tí oòrùn ti ń pa wọ́n níbẹ̀ yẹn. Ó máa ń mú agbòòrùn dání. Bó bá kù díẹ̀ kó parí, á ti lọ. Ó ti tó sáà méjì."

N kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, ayọ̀ ni. Mo gbà pé ó ti dárí jì mí, pé agídí ni kò jẹ́ kó sọ ọ́, mo sì mọ ẹni tí mo jogún agídí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo rí agbòòrùn náà. Mo sáré ní ọjọ́ náà bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti òótọ́. Nígbà tí mo jẹ góòlù, mo yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo sáré lọ sí apá ibẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Àwọn èrò dìde, wọ́n ń pe orúkọ náà, wọ́n ń pè é, wọ́n ń pè é. Màmá mi kò wò mí. Ojú rẹ̀ wà lára àwọn èrò, ó ń wo ẹnu wọn. Ọwọ́ mi wà lókè fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbé e sílẹ̀, mo padà sí àárín pápá.

Orúnkún ló dá mi dúró. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ti màmá mi ni mò ń sọ. Kóòṣì ìgbà náà, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ mọ́, ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọdé. Mo dá jẹ́sì àti káàdì padà, mo sì wọ ọkọ̀ Oǹdó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Mo ti ro ohun tí mà á sọ. Mo rò pé ohun kan ṣoṣo tí mo lè mú wá fún un nìyẹn, pé mo ti bọ́ ohun tí kì í ṣe tèmi sílẹ̀.

Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn mí.

"Màmá, mo ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. N kò jẹ́ orúkọ yẹn mọ́ láti òní lọ. Ẹ dárí jì mí."

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ni yóò wá máa pè é báyìí?"

Mo gbójú sókè.

Ó ní, "Èmi kò lè pè é. Mo ti dán an wò nínú yàrá, ẹnu mi kò gbà. Pápá yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí mo bá wá, wọ́n á pè é títí, ọma mi, gbogbo wọn á máa pè é bí ẹni tó wà láàyè." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìwọ lo fi nǹkan yẹn bà mí lọ́kàn jẹ́. Ìwọ náà ni mo sì ń wọkọ̀ wá bá."

Mo ti mú ọmọ náà jáde láti ibi tó fi í pa mọ́ sí, mo ti gbé e kiri orí pápá fún ìgbádùn ara mi, mo sì wá ń kúnlẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá, pé mo ti gbé e padà sínú àpótí. Kò sí ọjọ́ kan tí ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀, àní ọjọ́ Ọ̀bà-Ilé pàápàá.

Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Ìwọ pè é," ó wí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń dáhùn sí orúkọ náà, n kò pè é fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ṣí ẹnu, mo pè é. Màmá mi di apá àga rẹ̀ mú, ó ní kí n tún un pè, kí n má sáré pè é bí àwọn ará orí pápá.